Ìtàn Ìdílé Wa: Ibi Tí A Ti Lè Rí I Àti Bí A Ṣe Lè Pa Á Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú, Àrìgìdì Àkókó)

Àwọn alàgbà Ẹgbẹ́ ni wọ́n ní kí àwa olùkọ́ wá bá yín sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìtàn ìdílé: ibi tí a ti lè rí i, bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò, àti bí a ṣe lè pa á mọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Lọ́dọọdún ni a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi, iná, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ní irú ìpàdé yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ìjọba kankan kò ní bá wa ṣe, èyí nì ni kí á mọ ìran tí a ti ṣẹ̀ wá, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tí ó bàjẹ́ lónìí ṣeé tún ṣe lọ́la. Àgbà tí ó bá wọ ilẹ̀ lọ pẹ̀lú ìtàn ilé rẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè dá owó tí yóò fi rà á padà. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ìlú tí kò bá ní ohun tí yóò rí nígbà tí ó bá wo ẹ̀yìn, ìgbà wo ni yóò dìde?

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá

Ohun mẹ́ta ni a rí. Èkíní ni ọ̀ràn oyè àti ilẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọjọ́ tí oyè bá ṣí sílẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ oko bá di ilẹ̀ ilé, ni ìtàn máa ń pọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Baba tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí yóò di ọba. Ọmọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ yóò di àlejò. Ìtàn tí a kọ nígbà tí ìjà kò sí ni ó ṣeé gbà gbọ́ jù lọ. Èyí tí a kọ ní ọjọ́ tí lọ́yà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìdájọ́ ni ó ń wá, kì í ṣe òtítọ́. Bí a bá kọ ti wa sílẹ̀ ní àkókò àlàáfíà, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ó ń jẹ owó ìdílé run kò ní dé kóòtù rárá.

Èkejì ni ìgbéyàwó. Nígbà tí gbogbo wa ń gbé ojú kan, ìyá àgbà kan ṣoṣo ni yóò mi orí, ọ̀rọ̀ á sì ti parí, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin náà. Lónìí, ọmọ tí a bí sí Èkó lè pàdé ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn fún ọdún mẹ́ta, kí ó tó di ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí a óò rí i pé baba ńlá kan náà ni ó bí wọn. Ojú a tì wá, inú àwọn ọmọ a sì bàjẹ́. Ìwé ìran tí ó péye ì bá ti gbà wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọmọ wa fúnra wọn. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Báwo ni ẹni tí kò mọ ilé yóò ṣe wò ó? Orúkọ tí a kàn gbọ́ létí ni yóò sọ ọmọ rẹ̀, orúkọ náà kò sì ní bá ìtàn kankan mu.

Ẹnu àwọn àgbà

Ibi àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á lọ kì í ṣe ilé ìwé, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa ni. Ìgbà kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ń sọ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kì í ṣe ìtàn. Èyí ti yí padà. Ní 1956 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà dá iṣẹ́ ìwádìí ìtàn Yorùbá sílẹ̀ lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé Sàbúrì Bíòbákú, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà, oríkì, ọdún ìbílẹ̀ àti iṣẹ́ ọnà sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀rí. Ní 1961, Jan Vansina, ọmọ ilẹ̀ Belgium, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ìtàn àtẹnudẹ́nu jẹ́ ẹ̀rí gidi, bí a bá lè sọ ẹni tí ó sọ ọ́, ẹni tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti ohun tí ó jẹ olùsọ lógún nígbà tí ó ń sọ ọ́.

Kí ni kí á bi àwọn àgbà? Kí á má ṣe béèrè orúkọ baba àti baba ńlá nìkan. Kí á béèrè ibi tí a sin olúkúlùkù sí, nítorí ibojì ń fi ilé hàn. Kí á béèrè ibi tí wọ́n ti ṣí wá, ọ̀nà tí wọ́n gbà, àti ẹni tí wọ́n bá nílé. Kí á béèrè oríkì orílẹ̀, èèwọ̀, ọdún tí ìdílé ń ṣe, àti iṣẹ́ tí a mọ̀ wọ́n mọ́. Ìdílé méjì tí èèwọ̀ wọn bára mu, tí oríkì wọn sì ń dárúkọ ibì kan náà, ó yẹ kí á wádìí bóyá ọmọ ìyá ni wọ́n nígbà kan.

Ẹ jọ̀wọ́, kí á má ṣe gbàgbé àwọn ìyá. Ọ̀pọ̀ ìwé ìran tí a ti rí, orúkọ ọkùnrin ló kún inú wọn, bí ẹni pé baba nìkan ló bí ọmọ. Ilé wo ni ìyá ti wá? Ta ni bàbá rẹ̀? Àwọn obìnrin ilé ni wọ́n mọ oríkì jù lọ. Àwọn ni wọ́n ń kì ọmọ láàárọ̀, àwọn ni wọ́n sì ń sun ẹkún nígbà tí àgbà bá lọ. Ẹni tí ó bá wádìí ìtàn ìdílé tí kò jókòó ti àwọn ìyá àgbà, ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ọ̀nà tí a fi ń béèrè náà gba ọgbọ́n. Ní 1976 ni Alex Haley, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé tí ó pè ní Roots jáde. Ó ti lọ sí abúlé Juffure ní ilẹ̀ Gambia, baba kan sì sọ ìtàn ìdílé kan fún un níbẹ̀ tí ó bá èyí tí ó ti gbọ́ nílé mu. Gbogbo ayé ni ó ka ìwé náà, ó sì mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá orísun wọn. Ṣùgbọ́n ní 1981, òpìtàn kan tí ń jẹ́ Donald Wright fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ ti mọ ohun tí àlejò náà ń wá kí ó tó dé, àti pé baba náà kì í ṣe ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ arọ́kin. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Bí o bá lọ bá àgbà tí o wí pé, “Baba, ṣé lóòótọ́ ni pé àwa ni a kọ́kọ́ dé ìlú yìí?” yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí kò fẹ́ já ọ kulẹ̀. Bí o bá wí pé, “Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ,” tí o sì dákẹ́, ìgbà náà ni ìtàn yóò jáde.

Kí á sì rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ilé kan bá ti sọ tirẹ̀, kí á gbọ́ ti ilé kejì. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kí á kọ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí á sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wa kì í ṣe láti dá ẹjọ́.

Bí a ṣe lè mọ ọdún

Àwọn àgbà wa kò fi kàlẹ́ńdà ka ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ní àmì tí wọ́n fi ń mọ ìgbà. Nígbà tí ìyá kan bá wí pé wọ́n ti bí òun nígbà tí oòrùn wọ òkùnkùn lọ́sàn-án, a mọ̀ pé ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947 ni ó ń sọ. Bí a bá gbọ́ pé baba kan ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tí ó tẹ̀lé ogun Jámánì àkọ́kọ́, 1918 ni. Ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó parí ní 1945. Àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972. Náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973. Kí olùwádìí ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́, kí ó sì máa bi àgbà pé, “Ṣé ẹ ti lọ́kọ nígbà náà? Ọmọ mélòó ni ẹ ti bí?”

Kí á ṣọ́ra fún ọjọ́ orí tí ó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ìbí. Ọwọ́ ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n: kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí, bí ó bá kan etí òsì, ó tó ilé ìwé lọ. Ọmọ tí ó ga ti lè wọlé ní ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ kúkúrú sì ti lè dúró títí di ọdún mẹ́jọ. Ọdún tí olùkọ́ wá kọ sílẹ̀, ìdíwọ̀n ni. A wúlò fún un, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi í búra.

Àwọn ìwé tí ó wà nílẹ̀

Lẹ́yìn ẹnu àgbà ni ìwé. Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni rẹ́jísítà ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní ilé ìjọsìn, àti rẹ́jísítà ìgbàwọlé ní ilé ẹ̀kọ́. Orúkọ ọmọ, orúkọ baba, iṣẹ́ baba àti àdúgbò sábà máa ń wà nínú wọn. Ikán àti òjò ni ọ̀tá wọn. Ìwé ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ náà wúlò púpọ̀, nítorí ọ̀ràn ìkọ̀sílẹ̀, ogún àti ààlà oko ni ó kún inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn baba wa ti fi ẹnu ara wọn sọ ẹni tí ó bí wọn. Ìwé owó orí pẹ̀lú ń fi àwọn ọkùnrin hàn ní agbo ilé dé agbo ilé.

Ìwé mìíràn ni àkọsílẹ̀ àṣà oyè tí a ṣe lábẹ́ Òfin Àwọn Olóyè ti 1957 ní Ìwọ̀ Oòrùn, nínú èyí tí a ń to àwọn ilé tí ó ń jọba àti bí oyè ṣe ń yí ká. Kí ẹni tí ó bá kà á rántí pé àwọn tí ọwọ́ wọn tó ìjọba nígbà náà ni ó kọ́kọ́ sọ tẹnu wọn níbẹ̀.

Ní òde ìlú, National Archives wà ní inú ọgbà yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ó rí i pé ìwé ìjọba ń jẹrà káàkiri àwọn ọ́fíìsì. Níbẹ̀ ni àwọn ìwé Ondo Province àti Owo Division wà, pẹ̀lú àwọn ìròyìn tí àwọn Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ lórí ìlú kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Gómìnà Donald Cameron ní kí wọ́n wádìí bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Àkókó náà wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí á fi kún un pé abẹ́ Kàbà ni òyìnbó kọ́kọ́ fi Àkókó sí kí wọ́n tó gbé wa wá sí abẹ́ Ọ̀wọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wá ìwé ìgbà àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn tí kò rí i, kí ó má ṣe sọ pé kò sí. Kí ó wò ó ní National Archives ti Kaduna, níbi tí ìwé Kàbà àti Lọ́kọ́ja wà. Àwọn lẹ́tà àti ìwé ìròyìn àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. sì wà ní yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún lè lọ kà wọ́n fún wa.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí a tẹ̀ ní 1921, gbogbo wa ni a ń yangàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Díẹ̀ ni ti Àkókó. A kò bá a wí. Onílé ni í mọ ibi tí ilé ti ń jò; àwa ni ó yẹ kí á kọ tiwa.

Èdè àti orúkọ oyè wa

Ìwé kan tún wà tí a ń gbé lẹ́nu kiri láìmọ̀, èdè wa ni. Àwọn onímọ̀ èdè sọ pé èdè Àrìgìdì, pẹ̀lú ti Erúṣú, Ìgàṣí, Òyìn àti Afá, Ògè, Àjè àti Ùdò ní Òkèàgbè, jẹ́ ìbátan Yorùbá, kì í sì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá gan-an bí èyí tí wọ́n ń sọ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Lórí ilẹ̀ Àkókó yìí kan náà ni a ti rí àwọn tí èdè wọn bá ti Ẹdó tan. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe ojú ọ̀nà kan ni gbogbo wa gbà dé. Orúkọ odò, orúkọ òkè, orúkọ tí a ń pe ìbátan ìyá àti ìbátan baba ní èdè ilé, ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Àwọn ọmọ wa sì ń fi èdè yìí sílẹ̀ fún Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ń gba ìtàn sílẹ̀, kí ó gbà á ní èdè tí àgbà fi sọ ọ́, kí ó tó túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo oyè Zaki tí ọba wa ń jẹ. Èdè Hausa ni a fi ń pe kìnnìún ní zaki. Ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí apá òkè ọya, sí ìgbà tí àwọn jagunjagun Nupe láti Bida ń wọ Àkókó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ọ̀pọ̀ ìlú sì sá gun orí òkè. Àwọn ahoro orí òkè wọ̀nyẹn, ìkòkò tí ó fọ́ síbẹ̀ àti ìpìlẹ̀ ilé, ìtàn ni wọ́n. Kí á má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń fọ́ òkúta jẹ wọ́n kí a tó ya àwòrán wọn.

Àwọn tí ogun kó lọ

Ogun náà kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nígbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida ní oṣù Kìíní ọdún 1897, àwọn kan padà wálé. Àwọn mìíràn kò padà mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown. Akọ̀wé ibẹ̀ ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Orúkọ tí ó ju 91,000 lọ láti Freetown àti Havana ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti kó jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè wò láìsan kọ́bọ̀. Orúkọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ tí akọ̀wé kọ ní ìkọkúkọ. Etí ọmọ onílé ni ó lè tún wọn ṣe.

Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí ó kọjá òkun ń wá wa lónìí. Ní 1977 ni àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ ìtàn ìdílé tiwọn sílẹ̀ ní Washington. Àyẹ̀wò DNA lè sọ pé wọ́n bá àwọn ènìyàn agbègbè wa tan, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ agbo ilé. Agbo ilé tí ó bá ní àkọsílẹ̀ nìkan ni ó lè dá wọn lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ní egungun nínú. Àwọn ìdílé kan wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá tí baba ńlá wọn jẹ́ ẹni tí ogun gbé wá tàbí tí a fi ṣe ìwọ̀fà. Kí á kọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá gba ìtàn sílẹ̀ láti fi tẹ́ aládùúgbò rẹ̀, ó ti sọ iṣẹ́ náà di ọ̀bẹ. Ohun tí àgbà bá sì ní kí á má kọ, nítorí pé awo ni, kí á fi sílẹ̀ fún un.

Ohun tí a ń bẹ Ẹgbẹ́ pé kí ó ṣe

A dámọ̀ràn pé kí Ẹgbẹ́ yan ìgbìmọ̀ ìtàn, ọkùnrin àti obìnrin, láti gbogbo àdúgbò, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé tirẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù wọn gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ àti ibi tí ó ti sọ ọ́. Kí wọ́n ya àwòrán rẹ́jísítà ilé ìjọsìn àti ti ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ó ni wọ́n. Kí á ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ìdílé, ọ̀kan fún Ẹgbẹ́, kí á sì bẹ yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, aládùúgbò wa, pé kí ó gba ẹ̀kẹta pa mọ́. Kí á ka ohun tí a bá kọ sétí àdúgbò kí ó tó di títẹ̀, kí ẹni tí ó ní àtúnṣe lè sọ ọ́. Kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lo àkókò ìsinmi Kérésìmesì láti béèrè orúkọ àwọn òbí àgbà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilé tí olúkúlùkù ti wá àti iṣẹ́ tí ó ṣe. Kí ẹ̀yin òbí sì gba ìwé ìbí fún ọmọ tuntun. Òfin 1992 ti sọ ọ́ di dandan.

Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀. Ìwé àjákọ kan, bírò kan, fóònù tí ó wà lápò, àti ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ ní ẹsẹ̀ àgbà ni. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a bá ti kọ sílẹ̀ yóò dúró de ẹni tí yóò rà á. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe padà sí Èkó tàbí Ìbàdàn lọ́la láìjẹ́ pé ó béèrè orúkọ kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí kí wọ́n rò fún wa, kí ó sì fún àwa náà ní etí tí yóò gbọ́. Àrìgìdì á gbè wá o.